Káàdì Wo Ni Ká Rà fún Yàrá Kọ̀ǹpútà Wa?

Owó tí ẹ dá fún yàrá kọ̀ǹpútà kò gbọdọ̀ ṣòfò. Ẹ jẹ́ ká wo káàdì NVIDIA méjì tí a ń jiyàn lé lórí: RTX 3060 tó jáde ní 2021, àti RTX 4060 ti 2023.

Tó bá jẹ́ géèmù ni, 4060 yára jù. Kì í sì í jẹ iná púpọ̀: wáàtì 115, nígbà tí 3060 ń jẹ 170. Ẹni tó ń ra epo jẹnẹrétọ̀ mọ ohun tí mò ń sọ.

Àmọ́ mẹ́mọ́rì 4060 ò ju 8GB lọ. 3060 ní 12GB. Bí iṣẹ́ fídíò tàbí Blender bá tóbi ju mẹ́mọ́rì lọ, ó lè máa falẹ̀ tàbí kó dákú.

Iṣẹ́ la fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ wa, kì í ṣe géèmù. Nítorí náà, 3060 ni mo fara mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: 3060 olóókan 8GB náà wà lọ́jà. Ká rí 12GB lára páálí rẹ̀ ká tó sanwó.

Ìlú wa á tẹ̀síwájú o.