Gbèsè Onípákó Lọ́rùn Kọngílá: Ta Ni Yóò Gba Ìwé Àṣẹ Lọ́wọ́ Aláìsanwó?

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí sọ ní Makoko)

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ ọmọnìkejì rẹ̀ jẹ. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tọ ojú ọ̀nà wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀yin ará mi nínú Ìsìláàmù, àkòrí tí àwọn tí ó ṣètò ìpàdé yìí fún mi kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò yìí. Pákó ni a fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé Makoko, pákó náà ni a fi ń kan ọkọ̀ tí àwọn apẹja ń tù lójú ọ̀sà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní Ẹbúté-Mẹ́tta ni Oko Bàbá wà, níbi tí gẹdú ti ń léfòó gba ojú omi wá láti ilẹ̀ Òǹdó àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ìjọba Èkó tó ṣètò láti kó àwọn onílagi lọ sí Àgbọ́wà. Nínú òwò yìí, àwìn ni ọ̀pọ̀ ọjà fi ń jáde. Onígẹdú a gbé e fún onílagi, onílagi a gbé e fún onípákó, onípákó a gbé e fún kọngílá tí ó ń kọ́lé fún ẹlòmíràn. Bí onílé bá sanwó, tí kọngílá sì fi owó náà ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, gbogbo àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ó fi sínú gbèsè. Onílé yóò ṣí ilé, yóò se jọ̀lọ́ọ̀fù fún àlejò, ṣùgbọ́n ọmọ onípákó kò ní rí owó ilé ìwé san.

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn ni èyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí irú kọngílá bẹ́ẹ̀ máa rí iṣẹ́ mìíràn gbà, kí ó sì máa fi ìwé àṣẹ rẹ̀ yangàn?

ÒṢÙWỌ̀N TÍ ÌSÌLÁÀMÙ FI WỌN ONÍGBÈSÈ

Oríṣi onígbèsè méjì ni ẹ̀sìn wa mọ̀, ìdájọ́ wọn kò sì dọ́gba. Ẹni kìn-ín-ní ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Nínú Súrà Bàkárà, áyà 280, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé kí a fún un ní àkókò títí ara yóò fi dẹ̀ ẹ́, Ó sì fi yé wa pé bí a bá yọ̀ǹda gbèsè náà fún un, oore ni fún àwa fúnra wa. Ẹni kejì ni ẹni tí ó ní i, ṣùgbọ́n tí ó ń fi òní dọ́la, fi ọ̀la dọ́tùn-únla. Hádíìsì tí Bukhari àti Muslim jọ gbà wá fi hàn pé àbòsí ni ìdádúró irú ẹni yìí. Òmíràn tí Abu Dawud gbà wá fi hàn pé ẹni tí ó bá ń fà á gùn nígbà tí ó ní i ti sọ iyì ara rẹ̀ àti ìyà ara rẹ̀ di ohun tí ó tọ́. Àwọn onímímọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ pé ẹ̀tọ́ ni kí ẹni tí ó jẹ lówó sọ ní gbangba pé lágbájá kì í sanwó, ẹ̀tọ́ sì ni kí aláṣẹ dá a lọ́wọ́ kọ́.

Ẹ tún wo ohun tí Ànábì ṣe. Wọ́n gbé òkú kan wá síwájú rẹ̀ kí ó kírun sí i lára. Ó béèrè bí ó bá jẹ gbèsè. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì fi nǹkan sílẹ̀ tí a lè fi san án. Ó ní kí àwọn sàábé kírun fún ẹnìkejì wọn, òun fúnra rẹ̀ fà sẹ́yìn, àfi ìgbà tí Abu Qatadah dìde pé òun ni yóò san án. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀. Ànábì kò na ẹnikẹ́ni, kò ti ẹnikẹ́ni mọ́lé. Iyì tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀ láti fún ni ni ó fà sẹ́yìn, kí àwọn alààyè lè kọ́gbọ́n. Ohun tí à ń pè ní gbígba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ kọngílá kò yàtọ̀ sí èyí: àwùjọ ni ó fún un ní iyì pé ó ṣeé fọkàn tán, àwùjọ náà ni ó sì ń gba iyì náà padà.

Sáyídínà Umar pẹ̀lú ṣe irú rẹ̀. Ọkùnrin kan wà láti ẹ̀yà Juhaynah, Usayfi‘ ni wọ́n ń pè é. A máa ra ràkúnmí ní àwìn ní owó gọbọi, a sì máa sáré ṣíwájú àwọn alálàájì kí wọ́n lè yìn ín, títí gbèsè fi bò ó mọ́lẹ̀. Muwatta Imam Malik sọ ọ́ fún wa pé Umar dìde níwájú ìjọ, ó dárúkọ rẹ̀, ó sì ní kí gbogbo ẹni tí ó bá jẹ lówó wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kí wọ́n pín dúkìá rẹ̀ láàrin wọn. Kò sọ pé ọ̀rọ̀ àárín oníràkúnmí àti oníbàárà ni, kí ìjọba má dá sí i.

Àwọn baba wa ní ilẹ̀ Yorùbá náà kò fi ọ̀rọ̀ gbèsè ṣeré. Ológò ni wọ́n ń rán lọ dógò ti onígbèsè ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí yóò máa pariwo, tí yóò máa fi tipátipá jẹun níbẹ̀ títí owó yóò fi jáde. Àṣejù wà nínú ìyẹn, àwa kò sì ní kí ẹnikẹ́ni padà sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé gbèsè tí kò bá ní ìtìjú nínú, kì í tán.

OHUN TÍ ÌDÁDÚRÓ Ń JẸ

Ẹlòmíràn a máa wí pé, “Ṣebí n óò san án, kí ni ó ń kán wọn lójú?” Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ká ní kọngílá gba àpò símẹ́ńtì 100 ní 2023, ní ẹgbẹ̀rún 5 náírà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbèsè rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 náírà. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àpò símẹ́ńtì kan kọjá ẹgbẹ̀rún 10 náírà ní ibi púpọ̀, títí Mínísítà Iṣẹ́ Òde, David Umahi, fi pe àwọn tí ó ń ṣe símẹ́ńtì jọ, tí wọ́n sì fẹnu kò sí ẹgbẹ̀rún 7 sí 8. Bí kọngílá náà bá kó ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 rẹ̀ pé pérépéré wá ní oṣù yẹn, àpò 50 ni owó náà lè rà. Ìdajì ọjà onísímẹ́ńtì ti run sí i lọ́wọ́.

Onísímẹ́ńtì tí ó jẹ́ Mùsùlùmí kò sì lè bu èlé lé e, nítorí pé ribà ni, ààrámù ni. Nítorí náà, ẹni tí ó mọ̀ pé olóòwò Mùsùlùmí kò ní gba èlé, tí ó wá fi ìyẹn ṣe àǹfààní láti máa dá owó rẹ̀ dúró, ó ti fi ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ẹlòmíràn ṣe ohun ìjẹ.

KÍ NI ÒFIN WÍ?

Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, àjọ kan wà tí ó ń fún kọngílá ní ìwé àṣẹ láti 1929. Òfin wọn wí pé kọngílá tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti san owó ohun èlò, nígbà tí ó ní agbára àtisan án, tàbí nígbà tí ó ti gba owó tí ó tó lórí iṣẹ́ náà, ti ṣe ohun tí a lè torí rẹ̀ bá a wí, títí dé orí gbígba ìwé àṣẹ rẹ̀. Ní Florida, bí ẹni tí ó kó ọjà wá bá ti fi òfin de ilé onílé nítorí gbèsè, tí kọngílá sì ti gbowó lọ́wọ́ onílé, ọjọ́ 75 ni ó ní láti tú ìdè náà. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó di ẹjọ́ níwájú àjọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn náà ya aláìní sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó gbowó tí kò san án.

Ní ilẹ̀ wa, kò sí àjọ kan ṣoṣo tí ó ń fún gbogbo kọngílá ní ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀. Òfin 45 ti 1989 dá CORBON sílẹ̀ fún àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kọ́lékọ́lé, ó sì ní ìgbìmọ̀ tí ó lè yọ orúkọ ẹni tí ó bá hùwà àbùkù nínú iṣẹ́ kúrò nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tí ń gba iṣẹ́ ilé kọ́ kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ yìí rárá. Òfin ìgbaṣẹ́ṣe ìjọba àpapọ̀ ti 2007 béèrè pé kí ẹni tí ó ń wá iṣẹ́ ti san owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Kò béèrè bí ó bá ti san owó onípákó. Bẹ́ẹ̀, òfin kan náà wí pé bí ìjọba bá dá owó kọngílá dúró ju ọjọ́ 60 lọ, èlé gbọdọ̀ gun un. Ó dáàbò bo kọngílá lọ́wọ́ ìjọba, kò dáàbò bo oníyanrìn lọ́wọ́ kọngílá. Ibi tí ó yẹ kí àtúnṣe bá nìyí, àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn aṣòfin tí ó wà láàrin wa sì ní láti gbé e dìde.

Kọngílá kan lè dáhùn pé ìjọba ni ó jẹ òun. Òótọ́ lè wà níbẹ̀. Ní 2025, àwọn kọngílá ọmọ ilẹ̀ wa ṣe ìwọ́de ní Abuja nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe tí ìjọba àpapọ̀ kò san owó rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ áyà 280 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, kí á ṣàánú rẹ̀, kí ó sì fi ìwé rẹ̀ hàn wá. Ìjọba náà kọ́ ni ó bọ́ nínú ẹ̀bi: nígbà tí Ọlọ́hun ṣí ọrọ̀ sílẹ̀ fún Ànábì, òun fúnra rẹ̀ ni ó tẹ́wọ́ gba gbèsè àwọn onígbàgbọ́ tí ó kú láìní ohun tí a lè fi san án. Ṣùgbọ́n ẹni tí onílé ti sanwó fún kò ní àwáwí kankan.

KÍ NI KÍ Á ṢE?

Kìn-ín-ní: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Áyà tí ó gùn jù nínú Àlùkùránì, áyà 282 nínú Súrà Bàkárà, orí kíkọ gbèsè àti ẹlẹ́rìí ni ó dá lé. Ẹni tí ó bá gbé pákó fún ọ̀rẹ́ láìsí ìwé, láìsí ọjọ́ ìsanwó, ti fi àṣẹ Ọlọ́hun sílẹ̀ nítorí ojú àánú.

Kejì: ẹ̀yin bíríkìlà, káfíńtà àti kọngílá, owó tí onílé kà fún símẹ́ńtì, àmáánà ni ní ọwọ́ yín. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára owó iṣẹ́ yín.

Kẹta: ẹ má ṣe kó ọlọ́pàá lọ bá onígbèsè. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 kò gbà kí wọ́n mú ènìyàn nítorí gbèsè òwò lásán. Ilé ìlàjà tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 1999, Citizens’ Mediation Centre, kì í gba owó. Bí ìyẹn bá kùnà, kóòtù gbèsè kékeré wà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2018 fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, tí ó sì fẹ́ kí ẹjọ́ parí láàrin ọjọ́ 60. Ẹ kọ́kọ́ kọ ìwé ìbéèrè owó sí onígbèsè, kí ẹ tó pẹjọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ó pẹ́, nítorí pé lẹ́yìn ọdún 6, òfin lè ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí ó bá fi ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nínú tàn yín jẹ, ìyẹn ti kúrò ní gbèsè, ó ti di ọ̀ràn láti ìgbà òfin 1977.

Ẹ̀kẹrin: ẹgbẹ́ onípákó, onísímẹ́ńtì àti oníbúlọ́ọ̀kù kò gbọdọ̀ dúró de Abuja. Kí wọ́n gbọ́ tẹnu kọngílá, kí wọ́n wádìí bóyá ó ti gbowó; bí ó bá hàn pé ó ti gbà á, kí ẹnikẹ́ni má ta àwìn fún un mọ́ títí yóò fi san án. Ìjìyà tí ó ní ìdájọ́ nínú ni, kì í ṣe ìbanilórúkọjẹ́.

Ẹ̀karùn-ún: àwa ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí, kí á tó gbé iṣẹ́ ilé Ọlọ́hun fún kọngílá, kí á béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ń rajà lọ́wọ́ wọn. Kí àwa náà sì san owó iṣẹ́ lásìkò. Ìrun tí a kí lábẹ́ pákó tí a kò sanwó rẹ̀, ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rù ìbéèrè tí yóò tẹ̀lé e.

Ẹ̀yin ọmọ mi, àwọn àgbà wí pé ìwà ni ẹ̀sìn. Ẹ̀yin ni kọngílá ọ̀la. Kí Ọlọ́hun fún wa ní owó tí ó mọ́, kí Ó má jẹ́ kí á kú sínú gbèsè, kí Ó sì fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọlá Rẹ̀ dí ohun tí àwọn aláìsanwó ti jẹ lára àwọn olóòwò wa. Àmín.