ÌTÀKÙRỌ̀SỌ TÍ Ó YẸ ỌMỌLÚÀBÍ
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ wa)

 

Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ yàn fún wa ni kí a sọ̀rọ̀ lórí ìtàkùrọ̀sọ. Ó lè dà bí ohun tí kò ní láárí, nítorí ta ni kò mọ ọ̀rọ̀ í sọ? Ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣoṣo lè sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìtàkùrọ̀sọ kò sí níbẹ̀, àfi bí ohun tí ẹnìkejì wí bá lè yí ohun tí a fẹ́ wí padà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọjà Mile 12 tí ó wà lẹ́bàá wa, níbi tí ọkọ̀ ti ń já tòmátì àti ata láti Òkè-Ọya. Oníbàárà tí ó mọ ọjà í ná kì í kọ́kọ́ bèèrè iye. Yóò kí ìyá ọlọ́jà pé, "Ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá," ìyá yóò sì dá a lóhùn. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó dá iye lé e. Ìyá yóò ní owó náà kò gbà. Òun yóò fi díẹ̀ kún un. Ìyá yóò ní kí ó wo ti ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ kí ó tó pè é ní ọ̀wọ́n. Ẹni tí ó bá ń pe iye kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá láì gbọ́ èsì, ọwọ́ òfo ni yóò gbé relé. Hausa àti Yorùbá tí èdè wọn kò papọ̀ ń nájà báyìí lójoojúmọ́, wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn yé.

Àdúgbò yìí kan náà ni ìjà ti bẹ́ láàrin Hausa àti Yorùbá ní oṣù Kẹta, 1016 kọ́, 2016 ni, kò tí ì pẹ́ rárá. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé àti ṣọ́ọ̀bù jóná, Gómìnà Akinwunmi Ambode sì pàṣẹ pé kí a ti ọjà pa. Àwọn tí ó jọ nájà lánàá kò rí ara wọn bá sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ má bínú sí wa bí a bá mú ọ̀rọ̀ wálé. Láti ìgbà tí a ti ń fi fóònù bá àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ṣe ìpàdé, ọ̀rọ̀ pọ̀, ìtàkùrọ̀sọ kò tó nǹkan. Ará òkè òkun a ka ohun tí ó ti kọ sílẹ̀, a sì pa fóònù. Kò bi wá bí Odò Ògùn ti ṣe wá sí lọ́dún yìí. Àwa ará ilé ẹ̀wẹ̀, kí a tó bi í bóyá iṣẹ́ òru ni ó ti dé, a ti bu owó lé e lórí. Òun rò pé a kò mọ nǹkan kan. Àwa rò pé ó ní ohun gbogbo. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni má jiyàn. Ní tiwa, ìpàdé tí kò sí iyàn a máa mú wa tòògbé. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ dáhùn kọ́kọ́ tún ohun tí ẹni ìṣáájú wí sọ, títí onítọ̀hún yóò fi wí pé, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo wí." Alàgà ti gbà kí a dán an wò lórí ọ̀rọ̀ owó gbọ̀ngàn tí ó kàn báyìí.