Ẹ̀tọ́ Ẹni Tí Iṣẹ́ Bọ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Adéwọlé, Ìlọrin)

 

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n sọ kò dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọdún kan nínú wa tí kò kàn. Ilé iṣẹ́ ń kógbá sílé, wọ́n ń dín òṣìṣẹ́ kù. Ẹni tó bá sì kàn, ìtìjú kì í jẹ́ kó yọjú sí ìpàdé mọ́.

Wọ́n máa ń béèrè pé: ṣé ìjọba kì í san owó fún ẹni tí kò níṣẹ́ ni? Àwọn ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní wọ́n ń gbà á lọ́hùn-ún. Òótọ́ ni. Láti 1911 ni òfin irú rẹ̀ ti wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń pè ní New Style Jobseeker's Allowance, ẹni tó ti san owó National Insurance tó ló ń gbà á, kì í sì í ju nǹkan bí oṣù 6 lọ.

Ní tiwa ńkọ́? Abala 16 nínú Ìwé Òfin 1999 dárúkọ ìrànwọ́ fún aláìríṣẹ́ mọ́ ohun tó yẹ kí ìjọba pèsè. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o! Abala 6 nínú ìwé kan náà kò jẹ́ kí á lè gbé ìjọba lọ ilé ẹjọ́ lé e lórí. Nítorí náà, kò sí ọ́fíìsì tí a ti lè lọ gba irú owó bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù.

Èyí tó wà, tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀, nìyí. Òfin Owó Ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí ilé iṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè máa dá owó sí àkáǹtì òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ó kéré tán, òṣìṣẹ́ dá náírà 8 nínú 100, ọ̀gá dá 10. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì pé ọdún 50, ìbáà fúnra rẹ̀ fi í sílẹ̀, ìbáà wọ́n dá a dúró, tí oṣù 4 sì kọjá tí kò rí òmíràn, ó lè gba ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà. Bí mílíọ̀nù kan bá wà níbẹ̀, ₦250,000 nìyẹn. Kì í ṣe àánú, kì í ṣe ẹ̀yáwó. Owó rẹ ni.

Ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì yín ni kí ẹ lọ. Ẹ mú nọ́ńbà PIN yín dání, lẹ́tà tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́, èyí tí ẹ fi kúrò níbẹ̀, ìwé owó oṣù tó gbẹ̀yìn, ìwé ìdánimọ̀ àti nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì. Ẹ béèrè bóyá ó ku ìwé mìíràn. Ẹ má fún agbódegbà kankan ní kọ́bọ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ yẹ àkáǹtì yín wò nísinsìnyí. Ọjọ́ iṣẹ́ 7 péré ni òfin fún ọ̀gá láti fi owó náà ránṣẹ́ lẹ́yìn tó bá san owó oṣù. Bó bá dá a dúró, ìtanràn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní náírà 2 nínú 100 lóṣù kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ń yọ ọ́ tí kò débẹ̀, ẹ kọ̀wé sí PenCom, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso rẹ̀. Ìdá mẹ́rin ohun tí kò sí, òfo ni.

Ṣùgbọ́n ẹ ro ó dáadáa kí ẹ tó gbà á. Àgbẹ̀ tó jẹ lára èbù rẹ̀, oko rẹ̀ á kéré lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ilé ọmọ bá fẹ́ kú fún ebi, tàbí tí owó ilé ìwé bá délẹ̀, ìyẹn yàtọ̀. Ó sàn ju kí á ta ilẹ̀ tàbí kí á yá owó èlé.

Ẹni tí ẹ kò rí láàárín wa lónìí, ẹ yà kí i nílé. Ó lè jẹ́ pé owó wà lórúkọ rẹ̀ tí kò mọ̀, kó sì máa fi ìtìjú jókòó lórí rẹ̀.