Kọ̀ǹpútà Akọ̀wé Tó Kọ̀ Tí Kò Jí

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdépọ̀ wa ọlọ́dọọdún ní Ìmọ̀tà. Olóòtú ìwé yìí ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an, nítorí náà ẹ̀yin olùkọ́ èdè, ẹ fi bírò pupa yín sápò.)

  Mo mọ̀ pé ìrẹsì ti jinná, òórùn rẹ̀ ti dé ibi tí mo dúró sí, n kò sì ní pẹ́. Ìmọ̀tà kọ́ ni ènìyàn á ti máa fi ọ̀rọ̀ dá ìrẹsì dúró, ìlú tí iléeṣẹ́ ìrẹsì ìpínlẹ̀ Èkó wà, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023, tí wọ́n ní ó lè ṣe tọ́ọ̀nù 32 láàárín wákàtí kan ṣoṣo.

Akọ̀ròyìn ni mí, mi ò kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Pólì ni mo lọ, iṣẹ́ ìròyìn ni mo kà níbẹ̀. Ìwọ̀nba tí mo mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, ìyà ló kọ́ mi. Ẹni tí olóòtú ń retí ìròyìn rẹ̀ ní aago mẹ́rin, tí kọ̀ǹpútà ẹ̀ wá dákẹ́ ní aago mẹ́ta, kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó le tó bẹ́ẹ̀. Kì í kúkú ṣe ní kíláàsì la ti kọ́ ọ. Ẹ̀yin tí a jọ ṣe é rántí yàrá kọ̀ǹpútà wa: aṣọ ni wọ́n fi bo gbogbo wọn, a ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, tí a bá wọlé tán wọ́n á ní ká máa wò ó, ká má fọwọ́ kàn án.

Kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n wa akọ̀wé ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí ẹnu ti pọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí akọ̀wé ṣaláìsí, inú kọ̀ǹpútà tó wà ní pálọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ìwé ẹgbẹ́ wà: orúkọ wa, àkọsílẹ̀ ìpàdé, àwòrán, àti ìwé owó tí a dá láti gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ fún ilé ẹ̀kọ́. Oṣù mẹ́rin kọjá, kò sẹ́ni tó rí ìwé owó náà. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rìn láàárín wa. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lábẹ́lẹ̀ pé ṣé kọ̀ǹpútà ló kú ni, àbí wọ́n pa á. Ọ̀rọ̀ yìí dé etí ìyàwó olóògbé. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Àbúrò, ẹ wá gbé ẹ̀rọ yín. Ọkọ mi ò jẹ owó ẹnì kankan."

Ó ti gbé e lọ fún oníṣẹ́ kan ní Ìkòròdú kó tó pè mí. A jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ tẹ bọ́tìnì, fáànù ń yí, iná tàn lójú mọ́nítọ̀, lẹ́tà funfun jáde lórí dúdú pé òun ò rí ibi tí Windows wà. Ó yíjú sí wa.

"Màmá, dísìkì yìí ti kú. Mo máa fọ́ọ̀máàtì ẹ̀, mo máa kó Windows tuntun sí i. Ẹ mú ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá."

Mo ní, "Ẹnjiníà, tó bá ti kú, kí lẹ fẹ́ fọ́ọ̀máàtì?"

Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe olè o, mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Fọ́ọ̀máàtì kì í gba àkókò, owó á sì wọlé. Wíwá ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ ló ń jẹ ọjọ́, oníbàárà kì í sì í fẹ́ sanwó fún ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ni gbogbo ohun tí mo bá wá síbí. Kọ̀ǹpútà tí kò jí, ọ̀tọ̀ ni. Iṣẹ́ tó wà nínú ẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. Tí àgádágodo àpótí bá dípẹtà, aṣọ inú àpótí kò tíì jóná. Ẹni tó bá fọ́ọ̀máàtì dísìkì kó tó kó ohun inú ẹ̀ jáde, aṣọ ló ń sun kó lè rí àpótí ṣí.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ẹ̀rọ yìí ṣe ń jí. Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì, páwà-páàkì, ìyẹn àpótí irin tí wáyà iná wọ̀ lẹ́yìn, á gba iná ilé, á sọ ọ́ di iná kékeré: fóòtì 12, fóòtì 5, fóòtì 3.3. (Tísà físíìsì wa wà níjókòó. Sà, tí mo bá ṣì í sọ, ẹ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.) Iná yẹn ló ń jí ètò kékeré kan tó ń gbé inú board, tí wọ́n ń pè ní BIOS. BIOS á wá ṣe bí tísà tó ń pe orúkọ láàárọ̀. RAM? Ó wà. Kíbọ́ọ̀dù? Ó wà. Dísìkì? Tí dísìkì bá dáhùn, BIOS á ní kó gbé Windows wá, iṣẹ́ tirẹ̀ parí. Ẹ wò ó dáadáa: orúkọ tí tísà ń pè lọ́wọ́ tí ibẹ̀ fi dákẹ́ ló ń sọ ibi tí àrùn wà.

Tó bá jẹ́ pé kò tilẹ̀ mí rárá, tí iná ò tàn, tí fáànù ò yí, ọ̀rọ̀ iná nìyẹn. Ẹ fi nǹkan mìíràn wo sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ tú orí wáyà, ẹ wo fíúsì inú ẹ̀. Tó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù tí bátìrì ẹ̀ ṣe é yọ, ẹ yọ bátìrì àti ṣájà, ẹ tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ títí ẹ ó fi ka ọgbọ̀n, kí ẹ tó fi ṣájà nìkan padà sí i. Èyí ti gbà mí lẹ́ẹ̀mejì.

Páwà-páàkì gan-an ló ń bá wa fínra jù ní agbègbè wa. Láti 2013 ni wọ́n ti gbé iná pípín fún àwọn iléeṣẹ́ aládàáni, ṣùgbọ́n títí dòní, tí iná bá dé, kí ni àwọn ọmọ ń pariwo? "Up NEPA!" Ìṣẹ́jú tí wọ́n ń pariwo yẹn gan-an ló léwu jù, nítorí iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè ga sókè kó tó balẹ̀. Tí iná bá lọ, ẹ fa wáyà yọ. Tó bá dé, ẹ jẹ́ kó tó bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó kì í bọ̀ ọ́. Owó stabilizer kò tó owó board.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ lókè òkun, ẹ tún gbọ́ èyí. Iná sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ní Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bíi fóòtì 120, tiwa lé ní 220. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, ẹ ó rí bọ́tìnì pupa kékeré kan tí wọ́n kọ 115 sí lápá kan, tí wọ́n kọ 230 sí lápá kejì. Àwọn tuntun máa ń mọ̀ ọ́n fúnra wọn, àwọn àtijọ́ kò mọ̀ ọ́n. Tó bá wà lórí 115 tí ẹ kì í bọ iná wa, "pàà!" ni ẹ ó gbọ́, èéfín á sì jáde. Ẹ̀gbọ́n mi kan ṣe bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo àlejò lọ́jọ́ tó ń wẹ kọ̀ǹpútà tuntun ẹ̀. Bọ́tìnì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ má sì dán an wò láé láti tú páwà-páàkì fúnra rẹ̀: iná ń bẹ nínú ẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti fa wáyà yọ, ó sì lè pa ènìyàn.

Tòkunbọ̀ tí mo dárúkọ yìí, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló wá láàyè. Ní 2005, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Basel Action Network wá wo ọjà Èkó, wọ́n ní nǹkan bíi kọ̀ńtẹ́nà 500 ẹ̀rọ àlòkù ló ń gúnlẹ̀ lóṣooṣù. Àwọn oníṣòwò ibẹ̀ fúnra wọn ló sọ fún wọn pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kò ṣe é tún ṣe, kò sì ṣe é tà. Nítorí náà kí ẹ tó sanwó ní Computer Village n'Ìkẹjà, ẹ ní kí wọ́n tàn án, kí wọ́n pa á, kí wọ́n tún tàn án.

Tó bá wá jẹ́ pé fáànù ń yí, ṣùgbọ́n ojú mọ́nítọ̀ dúdú, tàbí tó ń ké "píì, píì", RAM ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Eruku pupa ọ̀nà wa yìí àti ọ̀rinrin ọ̀sà ò jẹ́ kó gbádùn. Ẹ yọ wáyà iná, ẹ ṣí i, ẹ yọ RAM, ẹ fi rọ́bà tí ọmọ fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ nu eyín wúrà ẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà títí ẹ ó fi gbọ́ "kẹ́". Búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tuntun ni kí ẹ fi gbá eruku. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ yín á bá a lọ. Ẹ má sọ pé mo sọ ọ́ o, mo ti bá ọmọ aláǹgbá nínú ọ̀kan rí.

Tiwa kì í ṣe ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Tísà ti pe orúkọ dé ọ̀dọ̀ dísìkì kí ibẹ̀ tó dákẹ́. Mo bẹ ọmọkùnrin náà pé kó jẹ́ kí n rí inú BIOS. Ó ṣí i. Ọjọ́ tó kọ síbẹ̀, 2012. Mo ní, "Ẹ wo déètì." Òun náà wò ó, ó dákẹ́. Orí board kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, bátìrì kan wà tó rí bí owó wẹ́wẹ́, CR2032 ni wọ́n ń kọ sí i lára, fóòtì mẹ́ta ni. Òun ló ń bá BIOS rántí ọjọ́ àti ètò tí olówó ẹ̀ tò sí i, nígbà tí kò bá síná. Ẹ̀rọ yẹn ti wà láìtàn fún oṣù mẹ́rin nínú pálọ̀ ilé ọ̀fọ̀. Bátìrì tán, BIOS gbàgbé ọ̀nà tó ń gbà wá Windows.

Síbẹ̀ a kò sáré pààrọ̀ bátìrì. Dísìkì la kọ́kọ́ yọ. A fi sínú páálí kékeré kan tí wọ́n ń tà, tó ní wáyà USB, a so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù mi. Mo ń gbọ́ ọ tó ń yí. Tó bá ṣe "kẹ́-kẹ́-kẹ́" ni, mi ò bá ti pa á lójú ẹsẹ̀, torí dísìkì tó bá ń dún bẹ́ẹ̀, gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún tàn án lẹ ń ba nǹkan jẹ́ sí i. Kò dún. Fóódà jáde. A da gbogbo ẹ̀ kọ síbi méjì kí a tó ra bátìrì, owó bátìrì náà kò tó owó àmàlà ẹnì kan. A tún ètò BIOS tò, Windows gbéra. Ẹnjiníà wa ní òun ò gbowó. A fún un.

Mi ò ní tàn yín, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń rọrùn báyìí. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tuntun, Windows ti ti dísìkì pa pẹ̀lú BitLocker. Tí ẹ bá yọ ọ́, kò ní ṣí láìsí nọ́ńbà 48 kan. Ẹ lọ wá nọ́ńbà yẹn lónìí nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ ọ́ síwèé. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n jó ibi ìkópamọ́ mọ́ board, tí kò ṣe é yọ rárá. Dísìkì ìgbàlódé tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ìyẹn SSD, tí wọ́n bá fi lè fọ́ọ̀máàtì ẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó rí ohunkóhun gbà padà. Dísìkì àtijọ́ ṣì máa ń fojú àánú wo ènìyàn díẹ̀, tí wọn ò bá tíì kó nǹkan mìíràn lé e lórí.

Ẹ ń retí ohun tí a bá nínú ìwé owó, mo rí i lójú yín. Owó kànga pé. Kódà ó lé, nítorí akọ̀wé fi tirẹ̀ kún un nígbà tí iye páìpù gòkè, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ẹgbẹ́ jẹ mí." Kò sọ fún ìyàwó ẹ̀. Kò sọ fún wa. Alága ti rí ìwé náà, owó yẹn yóò di sísan kí a tó kúrò níbí lónìí, mo ti gba ìlérí. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n pariwo jù pé kọ̀ǹpútà ò gbọdọ̀ kú, orúkọ wọn náà wà níbẹ̀: wọn ò tíì san. Mi ò ní dárúkọ. Wọ́n ti ń wo ilẹ̀ báyìí.

Ẹ̀rọ náà nìyẹn lórí tábìlì lẹ́yìn, ó ń tàn, ìyàwó akọ̀wé ló jókòó tì í. Àwòrán ìpàdépọ̀ wa ń bẹ nínú ẹ̀, àti ti àwọn olùkọ́ wa tí a kì yóò rí mọ́. Ẹni tó bá fẹ́, kó mú fláàṣì wá kí wọ́n kọ ọ́ fún un. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ kí Àǹtí dáadáa o.

 Ẹ máa gbé ìrẹsì bọ̀.