Òṣìṣẹ́ Pàjáwìrì Kì í Ṣe Adájọ́

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí kan olówó, ó sì kan tálákà, nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí òun náà yóò sùn sí ẹ̀gbẹ́ títì, tí yóò máa wo ojú ẹni tí yóò gba òun là. Ọ̀rọ̀ náà ni ojúṣe òṣìṣẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì níwájú òfin àti níwájú ẹ̀rí ọkàn.

Ẹ fi ojú inú wo àṣálẹ́ ọjọ́ kan ní ìlú Èkó. Ìbọn ti dún ní ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà kan. Nígbà tí ọkọ̀ áńbúláǹsì yóò fi dé, ènìyàn méjì ni ó wà nílẹ̀. Èkínní ni oníṣòwò tí ó ni ilé ìtajà náà. Ọta ìbọn ha á ní apá, ó sì ń kígbe oró. Èkejì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Ọta wọ itan rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde bí omi ẹ̀rọ, kò sì lè kígbe mọ́. Èrò ti pé lé wọn lórí. Wọ́n ń wí pé, "Olè ni! Ẹ fi í sílẹ̀ kí ó kú! Ẹni tí ó ni ṣọ́ọ̀bù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé!" Ta ni kí òṣìṣẹ́ náà kọ́kọ́ dá lóhùn?

Kí a tó dáhùn, ohun kan wà tí a máa ń kọ́ òṣìṣẹ́ pàjáwìrì ṣáájú ohun gbogbo: kí ó wo ibi tí ó ń wọ̀. Bí ìbọn bá ṣì ń dún, kí ó dúró lókèèrè títí àwọn ọlọ́pàá yóò fi dé. Òṣìṣẹ́ tí ọta bá bà kò lè gba ẹnikẹ́ni là mọ́. Ó ti di ẹrù fún ẹlòmíràn. Àwọn àgbà kúkú ti wí pé bí iná bá ń jó ni, tí ó ń jó ọmọ ẹni, ti ara ẹni ni a kọ́kọ́ ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ewu bá ti kúrò, àyè àwáwí tán.

Ní ti àwọn méjì yìí, òṣìṣẹ́ náà kò ní í wo orúkọ tí èrò pe ènìyàn. Ọgbẹ́ ni yóò wò. Ẹni tí ó ń kígbe ṣì ń mí. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń tú lára rẹ̀, tí ó sì dákẹ́, lè kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Nítorí náà, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ni yóò kọ́kọ́ sáré lọ bá. Yóò fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ gírígírí. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá sì dá, yóò de itan náà pinpin ní òkè ọgbẹ́. Lẹ́yìn èyí ni yóò kọjú sí oníṣòwò. Bí ó bá jẹ́ pé oníṣòwò ni ẹ̀jẹ̀ ń tú lára rẹ̀ bẹ́ẹ̀, òun ni òṣìṣẹ́ náà ìbá kọ́kọ́ dá lóhùn. Bóyá olè ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí, bóyá ńṣe ni ó ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀ tí ọta ṣèèṣì bà á, ilé ẹjọ́ ni yóò wádìí ìyẹn. Adájọ́ kò sì lè gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu òkú.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ̀rù fi ba àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní Nàìjíríà láti fọwọ́ kan ẹni tí ìbọn bà. Òfin tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1984 nípa ìdigunjalè àti ohun ìjà pàṣẹ pé kí ilé ìwòsàn tí ó bá ń tọ́jú ẹni tí a fura sí pé ó ní ọgbẹ́ ìbọn sọ fún ọlọ́pàá lójú ẹsẹ̀. Òfin náà kò sọ pé kí wọ́n dúró de ìwé ọlọ́pàá kí wọ́n tó tọ́jú aláìsàn. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. "Ìwé ọlọ́pàá dà?" di ìbéèrè àkọ́kọ́ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, "Owó ìdógò ńkọ́?" sì di ìkejì. Láàárín ìbéèrè méjèèjì ni ẹ̀mí fi ń bọ́.

Òfin méjì ni ó wá tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Èkínní ni Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014. Ó wí ní abala ogún rẹ̀ pé òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ̀ láti fún ènìyàn ní ìtọ́jú pàjáwìrì, ohun yòówù tí ì báà fà á. Ẹni tí ó bá rú u lè san ìtanràn 100,000 náírà, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì. Èkejì ni òfin ọdún 2017 lórí ìtọ́jú àwọn tí ìbọn bà. Ó pàṣẹ pé kí gbogbo ilé ìwòsàn gba ẹni tí ó ní ọgbẹ́ ìbọn, ìwé ọlọ́pàá ì báà wà tàbí kí ó má sí, owó ìdógò ì báà wà tàbí kí ó má sí. Láàárín wákàtí 2 tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ni kí wọ́n fi tó ọlọ́pàá létí. Ẹni tí ó bá dúró wòran títí ẹ̀mí fi bọ́ láìnídìí, ì báà jẹ́ ọlọ́pàá, ì báà jẹ́ ilé ìwòsàn, lè san 500,000 náírà tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 5, tàbí méjèèjì. Òfin kan náà wí pé kí a bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó ṣe aájò gbé aláìsàn wá, kí a má fi ìbéèrè tí kò nídìí dójú tì í.

Àwọn kan lè bi í pé, "Ṣé ẹni tí ń tọ́jú ọ̀daràn kò di alátìlẹ́yìn ọ̀daràn?" Rárá o. Òṣìṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ń gba ẹ̀mí là, kò sì ba ẹ̀rí jẹ́. Bí ó bá di dandan kí ó gé aṣọ aláìsàn, kò ní í gé e gba ojú ihò tí ọta lu. Yóò tọ́jú aṣọ náà, yóò kọ wákàtí tí ó dé, ohun tí ó rí àti ohun tí ó ṣe sílẹ̀ láìfi irọ́ kún un. Àkọsílẹ̀ yẹn lè dá aláìṣẹ̀ sílẹ̀, ó sì lè mú ẹlẹ́ṣẹ̀.

Ojúṣe kejì ni gbígba ìyọ̀ǹda. Ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́, a gbà pé ìbá fẹ́ kí a gba òun là bí ó bá lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé, tí a ti ṣàlàyé ewu fún, ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Ní ọdún 2001, irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Nàìjíríà. Obìnrin kan tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò fàyè gba ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ti kọ̀ kí a fa ẹ̀jẹ̀ sí òun lára, ó sì kú. Ìgbìmọ̀ tí ń bá àwọn dókítà wí fìyà jẹ dókítà tí ó gbọ́ ti aláìsàn yìí. Ilé ẹjọ́ náà dá dókítà láre. Ẹ̀kọ́ tí ó nira ni, nítorí pé ọwọ́ tí a kọ́ láti gbani là kì í fẹ́ dúró. Ohun tí òṣìṣẹ́ lè ṣe ni kí ó fi sùúrù ṣàlàyé, kí ó tún un ṣàlàyé, kí ó sì kọ ìdáhùn náà sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi ipá mú ẹnikẹ́ni.

Ojúṣe kẹta ni kí ó mọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ. Ohun tí a kò kọ́ ọ kò gbọdọ̀ dán an wò lára aláìsàn. Bí ó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, kò gbọdọ̀ já aláìsàn sílẹ̀ títí yóò fi fà á lé ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́.

Ojúṣe kẹrin ni ìpamọ́ àṣírí, tí òfin ọdún 2014 náà mẹ́nu bà. Lóde òní tí fóònù wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà, ẹni tí ó fi ara pa kì í tí ì dé ilé ìwòsàn tí àwòrán ìhòòhò rẹ̀ yóò ti dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ. Òṣìṣẹ́ tí ó ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kiri ti ṣá ẹni náà lọ́gbẹ́ kejì.

Ó yẹ kí a sọ ọ̀rọ̀ tó kù pẹ̀lú òtítọ́. Òfin kì í wa mọ́tò, bẹ́ẹ̀ ni òfin kì í dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá iṣẹ́ áńbúláǹsì rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2001, àmọ́ ọ̀pọ̀ abúlé wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó jẹ́ pé ọ̀kadà ni ó ń gbé aláìsàn wọn. Òfin ọdún 2014 ya ìdá 5 nínú 100 owó àkànlò ìlera sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú pàjáwìrì. Ojúṣe àwọn tí owó náà wà lọ́wọ́ wọn kò kéré sí ti ẹni tí ó kúnlẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ lójú títì.

Àwọn èrò tí ó yí ọkọ̀ ká náà ní ojúṣe tiwọn. Kí wọ́n yà lọ́nà fún áńbúláǹsì. Kí wọ́n mọ 112, nọ́ńbà tí a ń pè nígbà pàjáwìrì. Kí àwọn olùkọ́ kọ́ ọmọ ilé ìwé bí a ti ń tẹ ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ní pàtàkì jù lọ, kí wọ́n yé ké pé, "Ẹ fi í sílẹ̀ kí ó kú," nítorí pé ọmọ tí a ń pè ní olè lójú títì lè jẹ́ ọmọ ẹni tí ń pariwo.

Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Bí òṣìṣẹ́ pàjáwìrì bá gbé oníṣòwò àti ọ̀dọ́mọkùnrin náà dé ilé ìwòsàn láàyè, iṣẹ́ tirẹ̀ parí. Kí ọlọ́pàá wá bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, kí adájọ́ sì jókòó sórí àga rẹ̀.