Ẹ Béèrè Kí Ẹ Tó Gbẹ́lẹ̀: Bí A Ṣe Ń Wá Ìgò Àtijọ́ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀rọ̀ ìgò la bá dé lónìí. Kì í ṣe èyí tó wà nínú fìríìjì o. Ìgò tó ti wà nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá yín ni mò ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń gbẹ́ ṣalángá tuntun lẹ́yìnkùlé ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkọ́ kan nǹkan, ó dún "kọ̀ọ́". Ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ na ìgò kan sí mi látinú ihò. Ó wúwo, ó rí bí ewé tí oòrùn ti pa láwọ̀ dà, wọ́n sì kọ ACCRA gàdàgbà sí i lára. Mo ní, kí ló gbé Accra dé ẹ̀yìnkùlé wa? Mo fọ̀ ọ́, mo gbé e lọ bá ìyá bàbá mi. Mo rò pé wọ́n máa rẹ́rìn-ín ni. Wọ́n gbà á, wọ́n ń fi ìka tọ àwọn lẹ́tà yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò sọ̀rọ̀. A máa padà síbẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, eré ọwọ́dilẹ̀ gidi ni ìgò wíwá. Wọn a lọ hú ààtàn àtijọ́, wọn a fọ ohun tí wọ́n bá rí, wọn a tò ó sójú fèrèsé. Ẹ lè wo fídíò wọn lórí YouTube kí ẹ sì gbé ọkọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ rọra ná. Ilẹ̀ tiwa yàtọ̀.

Àkọ́kọ́, àwọn èèyàn wa kì í tètè ju ìgò nù. Reluwé dé Ìbàdàn ní 1901, ṣùgbọ́n kò gba Ọ̀yọ́, kò gba Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹrù tó bá máa dé ọ̀dọ̀ wa, orí ni wọ́n fi ń rù ú kí mọ́tò tó dé. Ìgò tó rin irú ìrìn yẹn, ta ló máa mu ohun inú rẹ̀ tán kó sọ ọ́ sí ààtàn? Wọ́n á fi rọ epo, wọ́n á fi rọ kẹrosíìnì, wọ́n á fi rọ àgbo. Títí dòní, inú ìgò la ṣì ń ra ẹ̀pà àti oyin. Nítorí náà, ohun tí ẹ ń wá lọ sí Sókótó lè wà nínú àpò ṣòkòtò. Ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá àgbà. Ẹ wo ìdí ààrò. Ẹ bá àwọn alágbo àti àwọn tó ń ra ìgò kiri sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Kí lẹ máa rí? Èyí tí àwọn àgbà mọ̀ dáadáa ni ìgò onígun mẹ́rin, ti jíìnì àti ṣìnáàpù tó ń ti ilẹ̀ Holland wá sí Èkó láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó fẹ̀ léjìká, ó tín-ín-rín nídìí, wọ́n sì ṣe é nígun mẹ́rin kí wọ́n lè tò ó mọ́ra nínú àpótí. Òun ni wọ́n ń gbé lọ síbi ìdána, òun ni wọ́n fi ń bọ. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ wá ìgò oògùn kéékèèké pẹ̀lú. Àwọn Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà ti dé ìlú náà láti 1855, dókítà wọn, George Green, sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn níbẹ̀ ní 1907.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ọjọ́ orí ìgò? Ẹ wo ìlà tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gòkè. Tí ìlà náà bá parẹ́ kó tó dé ẹnu, ọwọ́ ni wọ́n fi parí ẹnu ìgò yẹn, ó sì ṣeé ṣe kó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Tí ìlà bá gun ẹnu kọjá, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni. Michael Owens ará Amẹ́ríkà ló gbé ẹ̀rọ tó ń dá ṣe ìgò jáde ní nǹkan bíi 1903. Ẹnu tó ń gba ìdérí onírin, èyí tí à ń fi ọ́pínà ṣí, kò lè ṣáájú 1892. Orúkọ ara ìgò náà ń sọ̀rọ̀. Bíà Star jáde l'Ékòó ní 1949, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ Coca-Cola ní Nàìjíríà ní 1953.

Ó wá kan ilẹ̀ gbígbẹ́. Ibí yìí ni kí ẹ ti fetí sílẹ̀. Àwọn baba wa kì í gbé òkú lọ sí ìtẹ́ òkú lẹ́yìn ìlú. Inú ilé ni wọ́n ń sin àgbà sí. Tí ilé náà bá wó, tó di àlàpà, tí koríko hù bò ó, ojú oórì ṣì wà níbẹ̀. Ẹ má gbẹ́ àlàpà rárá. Ìgò tí ẹ bá rí lójúbọ, ẹnìkan ló gbé e síbẹ̀. Kò sọ nù.

Òfin náà wà níbẹ̀. Láti 1979, òfin National Commission for Museums and Monuments ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ walẹ̀ wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgba ìwé àṣẹ. Tí ọkọ́ yín bá ṣèèṣì kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ dúró, ẹ fi tó wọn létí. Ní Ọ̀yọ́-Ilé, tó wà nínú Old Oyo National Park, ẹ má mú ohunkóhun, àní àpáàdì. Àwọn onímọ̀ bíi Frank Willett, tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní 1956 sí 1957, inú àpáàdì yẹn ni wọ́n ti ń ka ìtàn ìlú. Tí ẹ bá ṣí i nípò, ẹ ti fa ojú ewé kan ya.

Kí ló wá kù fún wa? Ó pọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀ fún ilé tuntun, ojú àgbàrá lẹ́yìn òjò, ẹ̀yìnkùlé ẹbí yín. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀. Ẹ má dá lọ. Ẹ wọ bàtà tó nípọn àti ìbọ̀wọ́, torí àfọ́kù ìgò kì í mọ ọmọ olówó. Tí ihò bá ti ju orúnkún lọ, ẹ jáde, ilẹ̀ lè ya luni. Ìgò tí ìdérí ṣì wà lórí rẹ̀, ẹ má ṣí i, ẹ má gbóòórùn rẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ la fi ń fọ ìgò. Ẹ da ìrẹsì díẹ̀ sínú rẹ̀ kí ẹ sì máa mì ín. Omi gbígbóná á mú un sán.

Kí ẹ tó gbé e nílẹ̀, ẹ ya fótò rẹ̀ níbi tó wà. Ẹ kọ ọjọ́, àdúgbò, àti bó ṣe jìn tó sílẹ̀ sórí fóònù. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e tọ àgbà lọ.

Ìyẹn ló dá mi padà sọ́dọ̀ Màmá. Ká tó gbọ́ "Ghana Must Go" ní 1983, Gánà ti kọ́kọ́ lé tiwa. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn oníṣòwò ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ níbẹ̀. Màmá àti bàbá àgbà wà ní Tamale.

Màmá ní, "Omi ni mo rọ sínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ló ń mu ún lójú ọ̀nà. Ọmọ ọdún méjì ni. A délé, kò pé oṣù mẹ́ta, ó lọ. Mi ò lè máa rí ìgò yẹn mọ́. Mo ní kí wọ́n lọ jù ú nù."

Bàbá mi ò mọ̀ pé òun ní ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ yẹn la gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Màmá kí n tó sọ èyí fún yín. Ìgò náà ò sí lọ́wọ́ mi, yàrá wọn ló wà. Tí ẹ bá rí tiyín, ẹ fi fótò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, kí ẹ sì sọ ohun tí àwọn àgbà ilé yín wí. Ó dìgbà kan ná.