Ìwé-àṣẹ ọtí ní àdúgbò wa: kí ni kí a kọ sí kánsù?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa sọ ní Lọ́ńdọ̀nù)

Ọpẹ́ ni fún Allah, Ọba tí ó ṣe ohun tí ó mọ́ ní ẹ̀tọ́ fún wa, tí ó sì ṣe èyí tí ó burú ní èèwọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàábé rẹ̀.

Gbogbo yín ni ẹ ti rí ìwé búlúù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fèrèsé ilé oúnjẹ tuntun tí ó kọjú sí ilé-kéú wa. Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín ti kọ lẹ́tà sí kánsù, tí wọ́n fi aaya 90 nínú Súrátùl-Máídà ṣe ẹ̀rí. Òótọ́ ni wọ́n kọ. Ọtí jẹ́ èèwọ̀, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ànábì sì ka ènìyàn 10 tí ègún wà lórí wọn nítorí rẹ̀, láti orí ẹni tí ó fún èso rẹ̀ títí kan ẹni tí ó ń gbé e fún ẹlòmíràn mu. (Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ agbáwo ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ gbọ́ èyí.) Ṣùgbọ́n kánsù kì í ṣe kóòtù Ṣẹ̀ríà. Lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọn yóò gbé e sí.

Òfin ìwé-àṣẹ ti ọdún 2003, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2005, ni wọ́n ń tẹ̀lé. Ṣáájú rẹ̀, àwọn adájọ́ májísíréètì ni ń fúnni ní àṣẹ láti ta ọtí. Nílé pàápàá, Òfin-ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi àkóso ọtí títà sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ohun mẹ́rin péré ni òfin ti ìhín ní kí kánsù wò: dídènà ìwà ọ̀daràn àti rúgúdù, ààbò ará ìlú, dídènà ohun tí ń yọ àdúgbò lẹ́nu, àti dídáàbò bo àwọn ọmọdé. Ní Scotland, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìlera kún tiwọn. Kò sí i ní England. Nítorí náà, ẹni tí ó kọ ọ́ pé ọtí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ sọ òótọ́ tí kò wúlò fún ẹjọ́ yìí.

Ẹ fi etí sí èyí dáadáa. Ọjọ́ 28 ni ará ìlú ní láti fi kọ̀wé. Bí ọjọ́ náà bá pé, tí kò sí ẹni tí ó kọ ohun tí ó bá ọ̀kan nínú mẹ́rin wọ̀nyí mu, kánsù kò lágbára láti kọ̀. Dandan ni kí ó fún un. Àṣẹ ni ìdákẹ́ wa jẹ́ lójú òfin. Bí a bá kọ ọ́ bí ó ti yẹ, àwọn kánsílọ̀ mẹ́ta yóò jókòó gbọ́ tọ̀tún tòsì. Wọ́n lè fún un, wọ́n lè kọ̀, wọ́n sì lè fi ìlànà lé e lórí.

Kí wá ni kí a kọ? Ọ̀nà náà tóóró. Àwọn ọmọ kéékèèké ń jáde ní ilé-kéú ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn níbí, ìrun Ìṣáì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di agogo 11 alẹ́, ìgbà náà gan-an ni àwọn ọ̀mùtí ń jáde. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni kánsù lè gbé yẹ̀ wò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ ọ́ pé ariwo ibẹ̀ kò jẹ́ kí òun sùn, nítorí wọn kò tíì ṣí i; irọ́ ni yóò jẹ́, èèwọ̀ sì ni irọ́ pẹ̀lú. Kí a sì rántí pé ọkọ̀ tiwa náà ń dí ọ̀nà nínú oṣù Ràmàdáánì. Ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ ìyọlẹ́nu, kí ó kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ tirẹ̀ kúrò níwájú géètì aládùúgbò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Ǹjẹ́ a lè sọ pé, bí ẹ kò bá ní kọ̀ ọ́, ẹ ní kí ó dáwọ́ ọtí dúró ní agogo 9, kí ó má sì ta èyí tí wọn yóò gbé jáde? Àwọn kan nínú àwọn àgbà wa ní ìyẹn dà bí ẹni pé a fọwọ́ sí ọtí. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ wa ti fi kọ́ni láti ayébáyé pé bí aburú méjì bá kojú ẹni, kí a fi èyí tí ó kéré dènà èyí tí ó tóbi. Kí a béèrè kíkọ̀ ní àkọ́kọ́, kí ìlànà tẹ̀lé e. Òfin yìí sì gba ọmọ ọdún 16 àti 17 láyè láti mu bíà, wáìnì tàbí sídà nídìí oúnjẹ, bí àgbàlagbà tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ bá rà á fún un. Ẹ̀yin tí mo ń bá sọ̀rọ̀ yìí ni.

Ẹni tí ó ni ilé oúnjẹ náà, ọmọ Yorùbá ni, ọmọ Mùsùlùmí sì ni bàbá rẹ̀. Kí a tó fi lẹ́tà kan ṣọwọ́, ó tọ́ kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu wa, nítorí orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn tí ó bá kọ̀wé yóò dé ọwọ́ rẹ̀. Alhaji olórí àdúgbò àti èmi yóò lọ bá a lọ́la lẹ́yìn ìrun Àlùásáàrì. Bí ó bá gbà láti ta àmàlà àti ẹja rẹ̀ láìsí ọtí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a ó ti máa ra oúnjẹ wòlímọ̀. Bí kò bá gbà, ọjọ́ 9 ni ó kù. Ìwé àti kálámù wà lórí tábìlì lẹ́yìn, ìyá Àmírà yóò sì ran ẹni tí kò bá mọ bí yóò ti kọ ọ́ lọ́wọ́.